Olè wọlé, lánlọ́ọ̀dù ní kò kan òun: ta ló ni iṣẹ́ ààbò nínú ilé tá a yá gbé?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo lò nínú fúláàtì kan lápá Agége kí olè tó wọlé mi. Ó ti tó ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé. Ọ̀sán gangan ni. Mo lọ síbi iṣẹ́ ìròyìn kan n'Íkẹjà, mo sì padà dé ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀kùn wà ní títì bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n já, kò sí fèrèsé tó fọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ àti owó tí mo tọ́jú sápò ṣòkòtò kan ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọlọ́pàá tó wá wo ilé náà ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í, ó tún un ṣí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ọ̀gá, yàtọ̀ sí yín, ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ yìí?"

Mo la ẹnu, mi ò rí nǹkan sọ. Mi ò mọ̀. Ìgbà tí mo wádìí ni mo tó gbọ́ pé ẹni tó gbébẹ̀ ṣáájú mi kò dá kọ́kọ́rọ́ kankan padà nígbà tó kó jáde. Kíátékà ní ọ̀kan lọ́wọ́. Káfíńtà tó wá tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe náà gba ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó rántí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣé kọ́kọ́rọ́ ilé mi wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, èmi wá ń tilẹ̀kùn láràárọ̀ bí ẹni tó ń ṣe nǹkan gidi!

Mo gba ọ̀dọ̀ Baba Lánlọ́ọ̀dù lọ. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n kẹ́dùn, wọ́n wá ní: "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run á fi èyí tó dáa jù ú lọ rọ́pò. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni mo jí i ni? Ilé ni mo yá ẹ, mi ò sọ pé mo máa bá ẹ ṣọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Àmọ́ nígbà tí inú mi rọ̀, mo rí i pé ìbéèrè gidi wà nínú ohun tí Baba sọ. Nínú ilé tá a fi owó wa gbà, ibo ni iṣẹ́ onílé parí sí, ibo sì ni ti ayálégbé ti bẹ̀rẹ̀? Ta ló yẹ kó tún géètì ṣe? Ta ló yẹ kó ra àgádágodo? Ṣé lánlọ́ọ̀dù lè mú kọ́kọ́rọ́ kejì dání? Bí olè bá jà, ṣé wọ́n lè dá owó padà fún wa? Ohun tí mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí nìyẹn.

Òfin wo ló wà nílẹ̀?

L'Ékòó, òfin tó dá lórí onílé àti ayálégbé ni Tenancy Law ti ọdún 2011. Gómìnà Babatúndé Fáṣọlá ló buwọ́ lù ú nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ òyìnbó yẹn dẹ́rù bà yín, ìwé náà kò gùn, ẹni tó bá sì ka ìwé mẹ́wàá lè yé e.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin yìí halẹ̀ mọ́ lánlọ́ọ̀dù yín, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé kò dé gbogbo ibi. Òfin náà yọ Apápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló yọ ilé tí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ́ fún òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ Agége, Ìkòròdú, Súrùlérè, Yábàá, Àjàh, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Bàdágírì lẹ wà, òfin yìí kàn yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ bi lọ́yà tó wà nítòsí yín. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àgírímẹ́ǹtì, kọ́kọ́rọ́ àti ẹ̀rí wúlò níbi gbogbo.

Ohun tó jẹ́ ti lánlọ́ọ̀dù

Òfin Èkó ka àwọn ojúṣe onílé lẹ́sẹẹsẹ. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ ààbò jù lọ ni pé onílé ló gbọ́dọ̀ máa ṣàtúnṣe ìta ilé àti àwọn ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò, kó sì máa mójú tó wọn.

Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Géètì ńlá tí gbogbo yín ń gbà wọlé, ibi tẹ́ ẹ jọ ń lò ni. Ọgbà tó yí ilé ká, ìta ilé ni. Àtẹ̀gùn, kọ́rídọ̀, iná tó wà lórí àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn tó lọ sórí òrùlé, gbogbo wọn kò sí lábẹ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹ̀yin ayálégbé. Tí ìdè géètì bá jábọ́, tí ọgbà ẹ̀yìn bá wó nígbà òjò, tí ẹnikẹ́ni sì lè rìn wọlé láti ojú títì, onílé ló yẹ kó tún un ṣe. Kò yẹ kí wọ́n ní kí ẹ lọ dáwó jọ láàárín ara yín.

Òfin náà tún ní onílé kò gbọ́dọ̀ gé nǹkan tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò kúrò, kò sì gbọ́dọ̀ dín in kù. Tí máígáádì bá wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gba owó lọ́wọ́ yín, wọn ò kàn lè lé e lọ lóru ọjọ́ kan kí wọ́n fi géètì sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Onílé tún gbọ́dọ̀ fi ilé náà sábẹ́ adójútòfò nítorí ìpàdánù tàbí ìbàjẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Ilé ni adójútòfò yẹn wà fún o. Tí olè bá gbé tẹlifíṣàn yín, adójútòfò onílé kò mọ̀ yín rí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹrù òun náà ní ààbò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ lọ bá iléeṣẹ́ adójútòfò.

Gbólóhùn kan tó lè yí gbogbo nǹkan padà

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Kí òfin tó ka ojúṣe onílé àti ti ayálégbé, ó kọ́kọ́ sọ pé ohun tí òun ń kà dúró bẹ́ẹ̀ àyàfi tí àgírímẹ́ǹtì àwọn méjèèjì bá sọ nǹkan mìíràn.

Ìyẹn ni pé tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì pé ayálégbé ni yóò máa tún géètì ṣe, tẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i láìkà á, ẹ ti gba iṣẹ́ onílé ṣe nìyẹn. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé ibi tí àyè ìbuwọ́lùwé wà nìkan ni wọ́n ń wò, torí pé ejẹ́ǹtì ti ń kán wọn lójú pé èèyàn méjì mìíràn ń bọ̀ wá san owó lọ́la. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ gba ìwé náà, ẹ gbé e lọ sílé, ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ béèrè. Ibi tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní kí wọ́n yí i padà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn tí owó bá ti wọ àkáùntì wọn tán, àwọn ló kù tó ń pàṣẹ.

Ohun tó jẹ́ tiwa

Àwa ayálégbé náà ní tiwa. Òfin ní ká tọ́jú inú ilé dáadáa, yàtọ̀ sí gbígbó tí nǹkan máa ń gbó fúnra rẹ̀. Tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yàrá bá bàjẹ́ torí pé ọmọ yín ń fi í ṣeré, tiyín ni. Tí ẹ bá sọ kọ́kọ́rọ́ nù lórí ọ̀kadà, tiyín ni. Tí ẹ bá fún ọ̀rẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ní kọ́kọ́rọ́, tí ẹrù sì di àwátì, ẹ má lọ pe Baba Lánlọ́ọ̀dù lóru.

Òfin tún ní tí nǹkan ńlá bá bàjẹ́ lára ilé, ayálégbé gbọ́dọ̀ tètè jẹ́ kí onílé mọ̀. Ó ṣe pàtàkì gan-an ni. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀, ó ti sọ ẹjọ́ rẹ̀ di aláìlẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kùn láàárín ara wa ní kọ́rídọ̀ pé géètì ti bàjẹ́ láti oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá béèrè ta ló sọ fún onílé, ẹnì kan á máa wo ojú ẹnì kejì.

Ìkẹta, a ò gbọ́dọ̀ yí nǹkan padà lára ilé, a ò sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan kún un, láìjẹ́ pé onílé fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ẹ wo irin ojú fèrèsé. Ẹ gba ilé tí kò ní irin, ẹ̀rù ń bà yín, ẹ pe wẹ́dà pé kó wá ṣe é. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Èrè wà níbẹ̀ fún yín: òfin ní ayálégbé tó bá tún ilé ṣe sí i pẹ̀lú ìwé àṣẹ onílé lè béèrè owó gbà-má-bínú lórí ohun tó ṣe, tí onílé bá ní kó kó jáde. Ẹni tí kò gba ìwé, irin á kù síbẹ̀, òun á sì máa lọ lọ́wọ́ òfo.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ irin, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kíá. Irin tó dí olè lọ́nà náà ló ń dí èèyàn lọ́nà nígbà tí iná bá ń jó. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe ojú fèrèsé kan, ó kéré tán, tó ṣeé ṣí láti inú. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí níbi tí gbogbo ará ilé mọ̀, kódà nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ ẹni tó wà níta kò lè tó o.

Ṣé lánlọ́ọ̀dù lè mú kọ́kọ́rọ́ wa dání?

Òfin Èkó ní ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbé ayé ìdákẹ́jẹ́ nínú ilé tó gbà: kí ẹnikẹ́ni má tojú bọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu láìnídìí, kí ilé náà sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nìkan. Onílé lè wá wo ilé tàbí kó wá tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé ṣáájú, ọ̀sán ló sì gbọ́dọ̀ wá, ní àkókò tó bójú mu.

Nítorí náà, pé onílé ni wọ́n kò sọ pé wọ́n lè fi kọ́kọ́rọ́ kejì ṣílẹ̀kùn nígbà tí ẹ lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n lọ wo bóyá ẹ ń tọ́jú ilé ìwẹ̀. Kíátékà náà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn onílé kan máa ń ní nítorí iná tàbí omi tó bá ya ni àwọn fi ń mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ọ̀rọ̀ wọn lọ́gbọ́n nínú. Tí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà nínú àgírímẹ́ǹtì: ta ni yóò mú un dání, ìgbà wo ni wọ́n lè lò ó, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ pè yín lórí fóònù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Ní tèmi, ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà tí olè ti jà mí ni pé kí n tó kó ẹrù kankan wọlé, mo máa ń sọ fún onílé pé mo fẹ́ pààrọ̀ inú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní sìlíńdà. Wọn ò ní láti yọ gbogbo ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Kò tíì sí onílé tó kọ̀ fún mi rí, torí pé mo máa ń fi ọ̀wọ̀ béèrè, mo sì máa ń tọ́jú sìlíńdà àtijọ́ kí n lè dá a padà lọ́jọ́ tí mo bá ń kó jáde.

Owó ọlọ́dẹ àti service charge

Ẹ̀yin tó ń gbé inú ẹ́sítéètì mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Owó ààbò lóṣooṣù, owó ilẹ̀ gbígbá, owó dísù jẹnẹrétọ̀. Ẹ ń san án, ṣùgbọ́n máígáádì ò sí lẹ́nu géètì, iná ìta náà ò sì tàn.

Òfin ní tí onílé tàbí ejẹ́ǹtì rẹ̀ bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn owó ilé, ó gbọ́dọ̀ fún yín ní rìsíìtì ọ̀tọ̀. Ẹ tún lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà. Kì í ṣe ojú àánú ni wọ́n fi ń ṣe é fún yín o, ẹ̀tọ́ yín ni. Tí ẹ bá lè pa ara yín pọ̀, kí gbogbo fúláàtì fọwọ́ sí lẹ́tà kan tó ń béèrè àkọsílẹ̀ yẹn, ẹ máa rí i pé iná ìta á tàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Owó ọlọ́dẹ tí ẹgbẹ́ àdúgbò ń gbà ládùúgbò yàtọ̀. Àárín ẹ̀yin àti àdúgbò nìyẹn, ohun tí ẹ sì bá onílé sọ ló máa pinnu ta ló ń san án. Ẹ béèrè kí ẹ tó kó wọlé, kó má di pé wọ́n wá ń kan ilẹ̀kùn mọ́ yín lórí ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta fún gbèsè ẹni tó ti kó lọ.

Tí olè bá jà, ṣé lánlọ́ọ̀dù á san án?

Mi ò ní tàn yín. Kò sí ibì kankan nínú òfin ayálégbé Èkó tó ní kí onílé san owó ẹrù tí olè bá jí. Bí olè ṣe wọlé nìkan kò sọ onílé di ajigbèsè.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ríbi wọ inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ibi tí ògiri ti lanu, iṣẹ́ onílé ni láti dí i, tẹ́ ẹ sì ti sọ fún un, tó sì kọ etí ikún, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Lọ́yà lè bá yín gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù pé àìbìkítà onílé ló fa ìpàdánù yín. Adájọ́ ló máa pinnu, kò sì sẹ́ni tó lè ṣèlérí fún yín pé ẹ máa jàre. Ohun tó máa gbè yín ni ẹ̀rí.

Ẹ̀rí ni èmi ò ní lọ́jọ́ tèmi. Mi ò béèrè iye kọ́kọ́rọ́ tó wà nílẹ̀ nígbà tí mo gba ilé, mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, mi ò ní rìsíìtì kọ̀ǹpútà mi. Kí ni mo fẹ́ gbé lọ sí kóòtù?

Nítorí náà, tí nǹkan bá bàjẹ́ ní ìta ilé, ẹ má kàn pe onílé lórí fóònù nìkan. Ẹ pè wọ́n, torí ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí wọn, kí fọ́tò sì tẹ̀ lé e. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjà. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú iṣẹ́ àná. Mo ní kí n fi tó yín létí pé ìdè géètì ẹ̀yìn ti já láti ọjọ́ Ajé, géètì náà kò sì ṣeé tì mọ́ lálẹ́. Fọ́tò rẹ̀ nìyí. Ẹ̀rù ń ba àwa ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo lẹ lè rán wẹ́dà wá? Ẹ ṣé gan-an ni."

Ẹ rí i? Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, ohun tó bàjẹ́ wà níbẹ̀, ìbéèrè tó ń fẹ́ ìdáhùn náà wà níbẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí ìdáhùn, ẹ tẹ lẹ́tà, ẹ fún wọn, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan sọ́wọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí pé àwọn gbà.

Tí olè bá ti wá jà, ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tí wọ́n gbà wọlé kí ọlọ́pàá tó dé. Ẹ ya fọ́tò. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní police extract. Ilé adójútòfò máa béèrè rẹ̀, lọ́yà máa béèrè rẹ̀. Tí olè bá ṣì wà nítòsí, ẹ má wọlé lọ bá a. Nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó ni 112 àti 767, ọ̀fẹ́ sì ni.

Tí lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ bá di ẹrù

Àwọn kan wà tí kì í ṣe olè ló ń dẹ́rù bà wọ́n, onílé ni. Ẹ bèèrè pé kí wọ́n tún géètì ṣe, ó di pé kí ẹ kó jáde. Owó ilé pẹ́ díẹ̀, wọ́n yọ ilẹ̀kùn yín lọ, wọ́n ṣí páànù, wọ́n fi àgádágodo tiwọn ti ilẹ̀kùn yín pa.

Ẹ̀ṣẹ̀ ni gbogbo ìyẹn lábẹ́ òfin Èkó. Ẹni tó bá fi ipá lé ayálégbé jáde, tó bá halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tó bá wó ara ilé kí ayálégbé lè sá jáde láìjẹ́ pé kóòtù fàṣẹ sí i, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà. Onílé kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù yín, kódà tí ẹ bá jẹ ẹ́ lówó.

Tí onílé bá fẹ́ kí ẹ kó jáde, ó gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé. Tí àgírímẹ́ǹtì kò bá sọ iye ọjọ́, òfin ní oṣù kan fún ẹni tó ń san owó lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ń san án lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ìyẹn náà, kóòtù nìkan ló lè lé yín. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé ká máa jẹ owó ilé o. Ọwọ́ ẹni tó bá mọ́ lẹ́nu rẹ̀ máa ń gbà á láti sọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó lọ sí kóòtù, ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: Citizens Mediation Centre, tí wọ́n ń pè ní CMC, tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á kọ̀wé pe onílé, ẹ̀yin méjèèjì á jókòó, wọ́n á bá yín parí ẹ̀. Ẹjọ́ onílé àti ayálégbé wà lára iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ jù. Kóòtù lè gba oṣù pípẹ́, ẹ ò sì ní fẹ́ padà ti kóòtù dé kí ẹ tún máa kí ẹni tẹ́ ẹ pè lẹ́jọ́ káàárọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé gan-an náà là ń wò ká tó san owó rẹ̀. Ohun tí mo ń wò báyìí nìyí:

1. Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lọ́sàn-án àti ní aago mẹ́jọ alẹ́. Àdúgbò tó dára lọ́sàn-án lè di nǹkan mìíràn tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ wò ó bóyá iná wà lójú títì, àti ibi tẹ́ ẹ máa ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

2. Ẹ bá ẹnì kan nínú àwọn ayálégbé sọ̀rọ̀ láìsí ejẹ́ǹtì níbẹ̀. Ìbéèrè méjì péré: "Ṣé olè ti jà níbí rí?" àti "Tí nǹkan bá bàjẹ́, ṣé wọ́n máa ń tún un ṣe?" Ìyá tó ń ta nǹkan lẹ́nu géètì náà mọ ju ejẹ́ǹtì lọ.

3. Ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, kí ẹ ṣí i. Ẹ mi irin fèrèsé. Ẹ wo òkè àjà ilé, torí pé ní àwọn ilé kan, àjà fúláàtì yín àti ti aládùúgbò yín, ọ̀kan náà ni, ẹni tó bá gun òkè lọ́dọ̀ wọn lè sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ yín.

4. Ẹ béèrè iye kọ́kọ́rọ́ tó wà nílẹ̀ àti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

5. Ohun tí onílé bá ṣèlérí pé òun máa tún ṣe, kí ó wà nínú àgírímẹ́ǹtì pẹ̀lú ọjọ́. "Ẹ kó wọlé ná, a máa ṣe é" kì í ṣe àdéhùn, àdúrà ni.

6. Ẹ rí i dájú pé ẹni tó ń gba owó yín ló ni ilé, tàbí pé onílé fi ìwé rán an. Ẹ gba rìsíìtì. Òfin ló ní kí wọ́n fún yín, pẹ̀lú orúkọ yín, orúkọ onílé, ibi tí ilé wà, iye owó àti àkókò tó wà fún. Ayálégbé tuntun kò sì yẹ kó san ju ọdún kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ọdún méjì tí wọ́n ń béèrè yẹn lòdì sófin. Ẹni tó bá ti san owó ọdún méjì, ó ṣòro fún un láti kó jáde nínú ilé tí olè ti ń jà lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù.

Mo kó kúrò nínú ilé Agége yẹn nígbà tí owó mi pé ọdún. Kí n tó lọ, mo lọ kí Baba Lánlọ́ọ̀dù, mo sì kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo lé wọn lọ́wọ́, mo kà á níṣojú wọn: mẹ́ta pérépéré. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pààrọ̀ sìlíńdà ilẹ̀kùn yẹn fún ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo ti di lọ́yà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo pàdé ọmọbìnrin tó gba ilé náà lọ́wọ́ wọn níbi ìsìnkú kan. Mo bi í bóyá wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní Baba fúnra wọn ni wọ́n pe káfíńtà, wọ́n sì ní kó dúró síbẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí, kí ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ gba gbogbo kọ́kọ́rọ́.

Ohun tó ná wọn kò tó owó kọ̀ǹpútà mi rárá. Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wá ilé lọ́wọ́, kó tó san owó.